Ṣé o mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn tí kò balẹ̀

Ní ọ̀nà Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, ìyá ọlọ́jà wo ni kò tíì gbọ́ ọ rí? "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ga. Ẹ má ronú mọ́." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ra oògùn, wọ́n á padà sídìí àtẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń rò. Nítorí ìbéèrè tí a kì í bi wọ́n yẹn ni mo ṣe kọ èyí.

Ṣé o mọ̀ pé 140 lókè àti 90 nísàlẹ̀ ni àwọn dókítà fi pààlà? Ẹni tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ní in, àti pé àwọn tí kò mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ìbẹ̀rù nìkan tó láti gbé nọ́ńbà yẹn sókè? Bí àyà bá já, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á sì fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn kì í ru nílé, àfi bí wọ́n bá fojú kan aṣọ funfun dókítà. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọn tìrẹ, jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fẹ̀yìn ti àga, fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, má sì sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ju láàárín àwọn tí kò ní in lọ? Oògùn ojoojúmọ́ tí kò lópin, owó tó ń gun orí owó, ìbẹ̀rù rọpárọsẹ̀ tó mú aládùúgbò: ẹrù ni gbogbo rẹ̀. Ìbànújẹ́ ló ń sorí àgbà kodò.

Ṣé o mọ ibi kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń ṣe àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ́ṣẹ́? Nídìí oògùn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì kì í rí ìdí tó fi yẹ kó máa gbé oògùn mì fún àrùn tí kò dùn ún. Oorun á dá, ìrìn á dín, ọtí á wọlé, oògùn á dúró. Àwọn ará ilé á ní olóríkunkun ni. Àìsàn ni, kì í ṣe oríkunkun.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nílẹ̀ Áfíríkà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkúgbé ni, tí wọ́n bí ní 1933, tó sì dolóògbé ní 2020. Ó kàwé dé Oxford, ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ó sì jẹ́ gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin. Òun ló darí ìgbìmọ̀ tó wádìí àwọn àrùn tí kì í ràn káàkiri Nàìjíríà, tí ìjábọ̀ wọn jáde ní 1997.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, l'Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell gbé jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 1963 fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà láàárín Yorùbá, bí a kò tilẹ̀ fún un lórúkọ kan pàtó? "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn lára mi." "Oorun ò kùn mí mọ́." Ara là ń fẹ̀sùn kàn, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn ló ń ké.

Ṣé o mọ̀ pé igi kan nínú igbó wa ti mọ ọ̀nà tó so ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkàn? Asofẹ́yẹjẹ ni. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè tipẹ́ kí Raymond Prince, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Àró, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ oògùn reserpine ní 1952. Wọ́n fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fi wo wèrè. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé ìrẹ̀wẹ̀sì mú àwọn kan tó lò ó, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Jọ̀wọ́, má wá asofẹ́yẹjẹ mu nílé: ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan, bíi venlafaxine, lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè? Sọ gbogbo ohun tí ò ń lò fún dókítà, títí kan àgbo. Má sì dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè 14 péré ni àwọn dókítà Zigmond àti Snaith kó jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983 láti yẹ ọkàn aláìsàn wò? Méje fún àníyàn, méje fún ìrẹ̀wẹ̀sì. Kò gba abẹ́rẹ́, kò gba ẹ̀rọ. O lè fi méjì bẹ̀rẹ̀ nílé: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ máa ń bàjẹ́ ṣáá? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ kò wù ọ́ ṣe mọ́?

Ṣé o mọ̀ pé ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń gbé ọkàn sókè? Sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí o tó délé, kí o fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Bí ó bá sì di pé ikú ń wù ọ́, má dá a rò. Sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní ìlú Oǹdó.

Lọ́jọ́ tí o bá tún gbọ́ tí wọ́n sọ fún ìyá kan pé ẹ̀jẹ̀ wọn ga, má fi "Ẹ má ronú" dá wọn lóhùn. Fa àpótí, jókòó tì wọ́n, kí o bi wọ́n pé: "Ìyá, kí lẹ̀ ń rò?"