Koríko Ni Oúnjẹ Ẹṣin

Ní ọjọ́ kẹta Ìléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin yọ síbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara àwọn ẹṣin náà a máa dán gbinrin. Dídán yẹn kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Ohun tí ẹṣin ti ń jẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ń hàn lára rẹ̀, koríko ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Báwo ni koríko náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Bí ẹṣin bá ṣe tóbi tó la fi ń mọ̀ ọ́n. Fún ọgọ́rùn-ún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, ó yẹ kó jẹ koríko gbígbẹ kílò 1.5 sí 2 lójúmọ́. Ẹṣin ńlá tó wọn 500 kílò yóò jẹ kílò 7.5 sí 10. Èyí tí kò ju 300 kílò lọ yóò jẹ kílò 4.5 sí 6. Abo tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ agbára a máa fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ koríko tútù ni, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Inú ẹṣin ló fa gbogbo èyí. Ẹṣin kì í jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù. Àpòlúkù rẹ̀ kéré, kò ju lítà 8 sí 15 lọ, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn ni iṣẹ́ gidi wà: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ ló ń sọ koríko di agbára. Omi kíkan sì ń sun nínú àpòlúkù rẹ̀ tọ̀sán tòru, yálà ó ń jẹun tàbí kò jẹ. Itọ́ ló ń pa oró omi yìí, itọ́ kì í sì í wá àfi bí ẹnu bá ń rún nǹkan. Ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lófìfo láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ kò ní pẹ́ ní ọgbẹ́ inú.

Ẹ dúró ti ẹṣin tó ń jẹ koríko kí ẹ wò ó. Ètè rẹ̀ á ṣa ewé, á sì ti pòpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa yí lọ yí bọ̀, eyín ẹ̀yìn á máa lọ̀ ọ́ kúnná. Kílò koríko gbígbẹ kan a máa gbà á tó ogójì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kílò ọkà kan kì í ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nínú pápá gbangba, ó lè jẹun fún wákàtí 16 lóòjọ́. Ẹni tó bá wá rọ ọkà bàbà tàbí àgbàdo sí i láti fi dípò koríko, ewu ló ń fà. Bí ọkà bá pọ̀ jù, yóò lọ kan nínú ìfun ẹ̀yìn, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì lè wú kó máa ro ó. Ẹṣin kì í bì. Bí inú bá ń run ún, yóò máa bojú wo ìhà rẹ̀, yóò máa fẹsẹ̀ ta ikùn, yóò sì máa yí gbiri nílẹ̀.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn koríko, torí ìdì kan kì í wúwo bí èkejì. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, kí ti alẹ́ pọ̀ jù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fún un: èyí tó ti hùkasí tàbí tó kún fún eruku a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ bíi mẹ́wàá mú kí oúnjẹ tuntun mọ́ ẹṣin lára. Níbi tí iyanrìn bá wà, bíi etíkun Èkó, ẹ má ṣe da oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lásán, kó má baà máa gbé iyanrìn mì. Kí omi tó mọ́ má sì ṣe wọ́n ọn, nítorí ẹṣin ńlá lè mu ju lítà 30 lọ lóòjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ pa ìhà rẹ̀. Bí ọwọ́ bá mọ egungun ṣùgbọ́n tí ojú kò rí i, oúnjẹ rẹ̀ tó. Bí ojú bá ti ń rí i, ẹ bù kún koríko. Bí ọwọ́ kò bá sì mọ̀ ọ́n mọ́, ọkà ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.