Láti Orí Ìtàgé Ìdíje sí Àwo Orin Àkọ́kọ́: Àyẹ̀wò Lokoja ti Jeff Akoh

Ìfáárà

Bí ọ̀dọ́ akọrin kan bá gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje orí amóhùnmáwòrán, ariwo ayọ̀ a sọ, ẹ̀bùn a tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àwọn ará ìlú rẹ̀ a sì máa fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ariwo náà kì í jẹ́ kí a bèèrè: kí ni akọrin náà yóò kọ nígbà tí kò bá sí adájọ́ níwájú rẹ̀ mọ́? Àwo orin àkọ́kọ́ ni ó máa ń dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orin ìdíje àti orin inú àwo àkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ tí a ó gbé síwájú jù ni Lokoja, àwo orin àkọ́kọ́ tí Jeff Akoh gbé jáde ní ọdún 2017, ọdún méjì lẹ́yìn tí ó borí nínú ìdíje MTN Project Fame West Africa. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orí èdè ni ìyàtọ̀ yìí dá lé jù.

Ìdíje Kì í Ṣe Ohun Àjèjì

Kí amóhùnmáwòrán tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń fi ohùn ẹnu díje. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, Adébóyè Babalọlá jẹ́ kí a mọ̀ pé oníjàálá kan lè ta ko èkejì rẹ̀ ní gbangba bí oríkì tí ó ń kì kò bá tọ̀nà. Bákan náà ni ti àwọn ẹgbẹ́ oníwéré, tí wọ́n máa ń díje ní àkókò Ààwẹ̀. Orin wéré ni àwọn àgbà olórin fújì bíi Síkírù Àyìndé fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú irú ìdíje àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní, àwọn tí ó ń ṣe ìdájọ́ gbọ́ èdè tí akọrin ń lò dénú. Èkejì, ìmọ̀ ìtàn àti oríkì wà lára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn akọrin. Ohùn dídùn nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá ṣi oríkì ìdílé kì, ojú yóò tì í bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dà bí oyin.

Bí Ìdíje Orí Amóhùnmáwòrán Ṣe Rí

Ní ọdún 2007, Timi Dakolo borí nínú ìdíje Idols West Africa, Omawumi sì ṣe ipò kejì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Project Fame West Africa bẹ̀rẹ̀, Iyanya sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó borí níbẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe ìdíje yìí láàrin ọdún 2008 sí 2016. Àwọn olùdíje wá láti Nàìjíríà, Gánà, Làìbéríà àti Sàró. Ilé kan náà ni wọ́n máa ń gbé, tí àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ wọn ní ohùn àti ijó. Àwọn adájọ́ a sọ èrò wọn, àwọn òǹwòran a sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí ẹ̀rọ alágbèéká dìbò.

Orin olórin ni àwọn olùdíje sábà máa ń kọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí òǹwòran bá ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀, yóò rọrùn fún un láti mọ̀ bóyá olùdíje kọ ọ́ dáadáa. Bí orílẹ̀-èdè mẹ́rin bá sì ń wo ètò kan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó da gbogbo wọn pọ̀. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni ṣe òfin tí ó ta ko èdè abínibí kí èdè náà tó di èrò ẹ̀yìn. Ètò ìbò nìkan ti tó. Olùdíje tí ó bá fẹ́ ìbò láti Accra àti Freetown kò ní fi ẹ̀ka-èdè abúlé rẹ̀ kọrin ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ènìyàn kúrò.

Àwo Orin Àkọ́kọ́

Àwo àkọ́kọ́ ni ibi tí akọrin ti ń kúrò nínú orin olórin bọ́ sínú ti ara rẹ̀. Ìrìn náà kì í yá. Timi Dakolo borí ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni àwo rẹ̀, Beautiful Noise, jáde. Ọdún 2011 náà ni Iyanya gbé My Story jáde. Chidinma borí ní ọdún 2010, àwo tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè sì jáde ní ọdún 2012. Bí a bá wo àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú Jeff Akoh, ọdún méjì sí mẹ́rin ni ó wà láàrin ìdíje àti àwo. Láàrin àkókò yìí, wọ́n ti yan olúborí mìíràn, ojú àwọn òǹwòran sì ti yí sí i. Akọrin náà ní láti wá owó, ẹni tí yóò ṣètò ìlù, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí yóò sọ.

Orúkọ Ìlú Gẹ́gẹ́ bí Oríkì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Jeff Akoh wo ilé, ó sì sọ àwo rẹ̀ ní Lokoja. Ìlú yìí ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi dé ibi ìpàdé odò náà ní ọdún 1841. Lokoja ni Lugard fi ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá ní ọdún 1900, kí ó tó di pé wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọdún 1991, ó di olú-ìlú. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àwọn Núpé, Ìgbìrà, Ìgalà, Bàsà àti Haúsá ni ó ń bá ara wọn gbé níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdá-èdè kò ní gbàgbé pé ẹbí kan náà ni èdè Ìgalà àti Yorùbá.

Nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa, oríkì orílẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì Ìkòyí mọ̀ pé ọmọ jagunjagun ni wọ́n ń kì. Iṣẹ́ tí ó jọ èyí ni orúkọ àwo Jeff Akoh ń ṣe. Nínú ìdíje, ìlú akọrin kò ju àfikún orúkọ rẹ̀ lọ. Lórí àwo yìí, ìlú di àkọlé, olùgbọ́ tí kò dé ibẹ̀ rí yóò sì bèèrè ibi tí ó wà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni orúkọ, oríkì sì jẹ́ ìtàn lódindi. Orúkọ ìlú ni ilẹ̀kùn. Èdè ìlú ni yàrá.

Ṣé Èdè Abínibí Ń Dí Akọrin Lọ́nà?

Àwọn kan gbà pé akọrin tí ó bá lo èdè abínibí kò lè kọjá ẹnu odi ìlú rẹ̀. Ìrírí Niniola kò fara mọ́ èrò yìí. Ó kópa nínú Project Fame ní ọdún 2013, kò sì gba ipò kìn-ín-ní. Èdè Yorùbá gbilẹ̀ nínú orin rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Maradona, èyí tí ó wà nínú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, This Is Me, tí ó jáde ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, Beyoncé ti Amẹ́ríkà mú lára orin náà lò nínú Find Your Way Back. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: èdè Yorùbá ní èrò púpọ̀ lẹ́yìn, ó sì ní ọjà orin ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀dọ́ olóhùn iyọ̀ kan ní Shehuri ní Maiduguri, tí ó jẹ́ pé èdè Kànúrí ni ó fi ń ronú. Ààfin Shehu ní àwọn akọrin àti onífèrè tirẹ̀ láti ayébáyé, nítorí náà ogún orin kò jìnnà sí i. Bí ó bá lọ sí irú ìdíje tí a ti ṣàpèjúwe yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọrin kí ó lè rí ìbò. Bí ó bá tún fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, ibo ni ayé yóò ti gbọ́ Kànúrí lẹ́nu rẹ̀?

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ìdíje ń wọn ohùn, àwo àkọ́kọ́ sì ń wọn ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó já lé wa léjìká. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè máa kó àwọn àwo àkọ́kọ́ báyìí jọ, kí wọ́n sì da orin inú wọn kọ pẹ̀lú àmì ohùn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orin tí akọrin kọ ní ìdíje wé èyí tí ó dá kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì yẹ kí a rọ àwọn tí ó ń ṣètò ìdíje láti ya alẹ́ kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún orin èdè abínibí, kí wọ́n sì fi ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ṣe adájọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníjàálá ti máa ń ṣe. Nígbà náà ni olùdíje láti Lokoja tàbí Shehuri kò ní dúró di ọjọ́ tí àwo rẹ̀ bá jáde kí ó tó fi èdè ìlú rẹ̀ kọrin.