Láti Kotto Dé Rhumsiki: Ilẹ̀ Gbígbẹ Tó Ń Fa Àwọn Ayàwòrán

Ní Kotto, nílùú Douala, òjò ni olórí ọ̀rọ̀ láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹwàá. Aṣọ kì í tètè gbẹ lórí okùn, ẹrẹ̀ sì ń bá ọmọ wọlé láti ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè rò pé báyìí ni gbogbo Kamẹrúùnù ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìhà àríwá pátápátá, lórí àwọn òkè Mandara, òjò á ti dáwọ́ dúró kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Koríko á ti pọ́n, ọkà bàbà á ti gbó, ojú ọ̀run á sì mọ́ gaara. Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn ará Yúróòpù ń pe àkókò yìí lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ó jẹ́ àárín òpin òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, kí eruku tó bo òkè mọ́lẹ̀.

Abúlé àwọn Kapsiki ni Rhumsiki, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà. Aṣálẹ̀ gidi bíi Sàhárà kọ́, ilẹ̀ gbígbẹ tó súnmọ́ aṣálẹ̀ ni. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni àwọn òkúta gíga tó dá dúró bí òpó. Òkè oníná ni wọ́n nígbà kan rí. Òkúta yíyọ́ tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun òkè dì, ó le koko. Òjò àti afẹ́fẹ́ wá jẹ ilẹ̀ rírọ̀ tó yí i ká lọ, ọ̀fun nìkan ló kù lóòró. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ga tó mítà 1,224 sókè ìpele òkun. Òǹkọ̀wé ará Faransé náà, André Gide, rìn la àgbègbè Chad àti àríwá Kamẹrúùnù kọjá ní 1926, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé ó yin àwọn òkè wọ̀nyí gidigidi.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí Yorùbá yóò fẹ́ mọ̀. Awo tiwọn kì í da ọ̀pẹ̀lẹ̀, alákàn ló ń bi léèrè. Á fi alákàn sínú ìkòkò oníyanrìn, á dé e, lẹ́yìn náà á wo bí ó ṣe ti àwọn nǹkan inú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Kí ló wá ń fa ayàwòrán sí ilẹ̀ gbígbẹ? Ewé kò bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Eegun ilẹ̀ hàn síta, òjìji gùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọ̀ òkúta sì ń yí padà bí oòrùn ṣe ń rìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1924, àwọn ọkọ̀ Citroën gbéra ní Algeria láti la Sàhárà kọjá. Ayàwòrán Alexandre Iacovleff bá wọn lọ, ó sì pàtẹ iṣẹ́ tó mú bọ̀ ní Paris ní 1926. Ní Amẹ́ríkà, Georgia O'Keeffe fi New York sílẹ̀ pátápátá ní 1949, ó sì lọ ń gbé nínú aṣálẹ̀ New Mexico tó ti ń yà tipẹ́.

Ilẹ̀ yìí tún ń fún ayàwòrán ní ohun èlò. Oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó jẹ́ ìbátan bọ̀nní, tó ń hù láti Senegal dé Sudan, ló ń di àwọ̀ olómi mú kó má baà ṣí kúrò lórí bébà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe ìsinsìnyí ló yẹ kí ẹ kó ọmọ lọ sí Rhumsiki. Láti 2014 ni Boko Haram ti ń kọlu àwọn abúlé Àríwá Jíjìn, ọ̀pọ̀ ìjọba sì ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n má lọ. Àlejò dáwọ́ dúró, owó àwọn amọ̀nà, agbẹ́gilére àti ahunṣọ sì bá a lọ. Síbẹ̀ ayé kò gbàgbé òkè náà: ní 2025, UNESCO fi Diy-Gid-Biy, àwọn ilé olókùúta àtijọ́ inú òkè Mandara, sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé. Sukur, ní ìhà Nàìjíríà, ti wà níbẹ̀ láti 1999.

Kí ọ̀nà tó là, iṣẹ́ wà nílé. Ẹ bu ilẹ̀ pupa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gún un, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ rẹ oje náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ náà. Bí ẹ kò bá rí oje, pupa ẹyin tútù lè ṣe é. Ẹ wá àwòrán Rhumsiki fún àwọn ọmọ, kí wọ́n yà á. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú wọn lọ sí doual'art ní Bonanjo, tó ti wà láti 1991, kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ọnà. Bí ọmọ bá béèrè pé ta ló ń gbé lábẹ́ òkúta yẹn, ẹ sọ fún un pé àgbẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń retí àlàáfíà kí wọ́n lè kórè ọkà wọn.