Iṣẹ́ abẹ èjìká: aago mélòó ni oògùn yóò kúrò lára?

Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní èjìká lè jí ní ọ̀sán kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì máa jẹun. Òru ni ìrora ń dé. Ohun tó ń fa èyí la fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí àwọn tí ń jábọ́ lórí alùpùpù lójú ọ̀nà wa kò kéré, èjìká ló sì máa ń gbá ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ abẹ èjìká máa ń dunni gan-an. Nítorí náà, yàtọ̀ sí oògùn oorun, dókítà lè gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, níbi tí àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára èjìká àti apá ń gbà kọjá. Bí oògùn bá ti yí wọn ká, ìrora kò ní lè dé ọpọlọ. Ọ̀nà náà ti pẹ́: 1970 ni dókítà Alon Winnie ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ibi tí wọ́n ń gún náà. Lónìí, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún ni wọ́n fi ń wá iṣan ọ̀hún, kí abẹ́rẹ́ má baà ṣìnà.

Ọ̀pọ̀ dókítà ń gún un kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí oògùn oorun díẹ̀ lè tó. Àwọn mìíràn á dúró kí iṣẹ́ parí, kí aláìsàn kọ́kọ́ ká ìka rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣan kan fara pa. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Lójú tiwa, wákàtí tí oògùn yóò kúrò ló kan aláìsàn jù.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan sábà ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 12 sí 18. Ẹ bá wa ṣírò ó: bí wọ́n bá gún un ní aago 9 àárọ̀, tó sì lo wákàtí 16, aago 1 òru ni apá yóò jí. Gbogbo ilé ti sùn, ilé ìtajà oògùn ti tì. Oògùn wà nínú àpò, ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbé e mì, torí kò sí ohun tó ń dùn ún nírọ̀lẹ́. Ìrora á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni já ilẹ̀kùn wọlé.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ní kí wọ́n lo parasitámọ́ọ̀lù, àti ibuprofen fún ẹni tí inú àti kíndìnrín rẹ̀ gbà á, kí apá tó jí. Bí ìka bá ti ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, oògùn ti ń lọ nìyẹn. Kí apá náà tó jí, ẹ má gbé e sún mọ́ iná tàbí omi gbígbóná: kò ní mọ̀ ọ́n.

Bí ìpéǹpéjú kan bá wálẹ̀ díẹ̀, tàbí tí ohùn há, oògùn náà ló sábà ń fà á, yóò sì lọ. Ti èémí yàtọ̀. Oògùn yìí lè mú iṣan tí ń ràn wá lọ́wọ́ láti mí ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà kí ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún un. Bí èémí bá ṣòro nílé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ padà sí kíákíá.

Faransé ni wọ́n sábà ń sọ nílé ìwòsàn wa, àgbàlagbà tí kò gbọ́ ọ lè dákẹ́. Kí ọmọ tó bá a lọ béèrè aago tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àti aago tí apá yóò jí, kó sì kọ méjèèjì sẹ́yìn ìwé oògùn.