Bọ́ọ̀lù Ti Parí, Èsì Ò Kúrò Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Lálẹ́ Sátidé kan ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ti fọn fèrè ìparí, onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ti yí tẹlifíṣọ̀n sí fíìmù Yorùbá, àmọ́ ibi tí wọ́n ń kọ èsì sí ò kúrò níbẹ̀. Lókè lápá òsì, ó ń hàn fírífírí bí òjìji. Ọ̀mì ni wọ́n ta, òdo sí òdo. Ìyá arúgbó inú fíìmù ń sunkún, òdo méjì jókòó sórí gèlè rẹ̀. "Ó ti jóná," ni ẹnì kan wí. Onílé ìwòran káwọ́ lérí.

Kò jóná o. Ìlú aláṣọ òkè la wà, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé. Agbádá tó ti wà ní kíká nínú àpótí fún oṣù mẹ́ta, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a á máa hàn. Ẹ fi kọ́, á rọra na. Èyí tí áyọ́ọ̀nù bá jó ni ò ní àtúnṣe.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó rí bíi pé ó pọnmọ, irú èyí tí wọ́n fi ń wo WNTV tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959, ìyẹn ló ń jóná lóòótọ́. Ohun tó ń tàn lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ máa ń gbó níbi tí àwòrán kan bá ti dúró pẹ́ jù.

Ti LCD, irú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó wà nílé ìwòran yìí, yàtọ̀. Lọ́dún 1888, Friedrich Reinitzer, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, ń yẹ nǹkan kan tí wọ́n rí lára kárọ́ọ̀tì wò. Ó gbé e kaná. Ó yọ́ nígbà tí ooru dé ìwọ̀n 145.5, ṣùgbọ́n ńṣe ló rú bí omidùn; ìgbà tó dé 178.5 ló tó mọ́ gaara. Olómi ni, síbẹ̀ ó ń tò bí ohun líle. Ọgọ́rin ọdún gbáko kọjá kí George Heilmeier àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ RCA l'Amẹ́ríkà tó fi irú omi bẹ́ẹ̀ gbé àwòrán jáde fáráyé rí, lọ́dún 1968.

Àárín gíláàsì méjì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kò nípọn tó fọ́nrán irun. Iná ló ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, kó lè dí ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀yìn bọ̀ tàbí kó là á lọ́nà. Bí iná bá ń tì í sápá kan ṣáá, ìdọ̀tí kéékèèké inú rẹ̀ tó lágbára iná á lọ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kí iná náà máa yí padà léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípadà ọ̀hún kì í ṣọgbọọgba délẹ̀ ṣá. Àwòrán tó bá dúró lójú kan látọ̀sán dalẹ́, pàápàá lábẹ́ páànù gbígbóná nínú oṣù Ẹrẹ́nà, á fi díẹ̀ sílẹ̀.

Onílé ìwòran ti fẹ́ gbé e lọ Ìbàdàn. Mo ní kó pa á, kó yọ ọ́ nídìí iná. Ká sòótọ́, àìsíná ló bá wa ṣe é: iná lọ lóru, kò dé títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìgbà tó fi dé, òdo kan ló kù, kò sì hàn dáadáa. A gbé àwòrán funfun gbalaja sójú rẹ̀ fún wákàtí méjì, ìyẹn náà wábi gbà.

Onílé ìwòran ti dín ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà kù báyìí, bó bá sì di háàfù-táìmù, á yí i síbòmíràn, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ ń pariwo lé e lórí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. OLED lojú rẹ̀, kò sí omi nínú ìyẹn, ohun tó ń tàn fúnra rẹ̀ ló ń gbó, àmì bátìrì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lókè. Ó ní ṣé kóun fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú. Mo ní rárá, áyọ́ọ̀nù ti kan ìyẹn.