Agbára Ìsọdọ̀tun ní Nàìjíríà

Agbára ìsọdọ̀tun ní Nàìjíríà ni agbára iná mànàmáná tí a ń rí láti ara omi, oòrùn àti àwọn ohun àdáyébá mìíràn tí kì í tán bí a ti ń lò wọ́n. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń wa epo rọ̀bì jù lọ ní Áfíríkà, gáàsì ni ó sì ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀.

Ìtàn

Ọdún 1956 ni a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní. Omi ni agbára ìsọdọ̀tun kọ́kọ́ ti wá ní ìwọ̀n ńlá: ìsédò Kainji, lórí Odò Ọya, bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní ọdún 1968. Jebba àti Shiroro tẹ̀lé e. Ìjọba ni ó kọ́ wọn.

Ìgbòòrò agbára oòrùn

Agbára oòrùn gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ iná tí a ti kọ́ lè pèsè ju megawáàtì 12,000 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ń dé orí wáyà kì í sábà ju 5,000 lọ, nítorí àìtó gáàsì, ògbólógbòó wáyà àti gbèsè. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù fi ń dí àlàfo yìí. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yíjú sí páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, bátìrì àti ínfátà.

Lọ́dún kan náà, Òfin Iná Mànàmáná tuntun fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣètò ọjà iná tiwọn. Báńkì Àgbáyé náà fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là láti mú iná dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 17, pàápàá ní ìgbèríko.

Ìpèníjà

Ọ̀fẹ́ ni oòrùn, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òkè òkun ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wá, nítorí náà iye dọ́là ni ó ń pinnu owó rẹ̀. Ẹni tí ó ń ra epo lítà kọ̀ọ̀kan kì í sábà rí owó páńẹ́ẹ̀lì san lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn tí ó lówó bá sì kúrò lórí wáyà gbogboogbò, owó tí a ó fi tún un ṣe fún àwọn tí ó kù lè dín kù.

Ní ọdún 2021, ìjọba ṣèlérí pé nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín sáfẹ́fẹ́ ju èyí tí ó lè mú kúrò lọ. Síbẹ̀, ètò náà kò yọ gáàsì sílẹ̀. Òun ni yóò máa pèsè iná títí agbára oòrùn yóò fi gba ipò rẹ̀.