Bí A Ti Ń Ka Gíráàfù: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí yóò jókòó fún ìdánwò ìṣirò àjọ WAEC, ìbáà ṣe ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò, kò lè ṣàì bá gíráàfù pàdé. Ó rọrùn fún un láti fi rúlà fa ìlà, kí ó fi pẹ́ńsù kun àwòrán náà, kí ó sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ya gíráàfù, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó mọ ohun tí gíráàfù náà ń wí. Èyí èkejì ni yóò bá ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé lọ sí ọjà, sí ilé ìwòsàn àti sí ìdí ìwé ìròyìn.

Gíráàfù kì í ṣe ohun àdììtú. Àwòrán tí a fi iye ya ni. William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1786 láti fi ṣàlàyé òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun kan náà ni ó sì mú èyí tí ó rí roboto bí búrẹ́dì tí a gé sí wẹ́wẹ́ jáde ní ọdún 1801.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ dáadáa kò ní kọ́kọ́ kó wọn lọ sí iwájú pátákó. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì gba Òkokomáíkò kọjá. Kí àwọn ọmọ dúró sí ibi tí kò léwu, kí wọ́n ka ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí. Kí a sọ pé wọ́n rí dánfó 40, kẹ̀kẹ́ Márúwá 25 àti ọkọ̀ àjàgbé 10. Bí wọ́n bá padà sí kíláàsì, kí wọ́n kó páálí ìṣáná tí ó ti ṣófo jọ, kí páálí kan dúró fún ọkọ̀ 5. Dánfó yóò gba páálí 8, kẹ̀kẹ́ yóò gba 5, àjàgbé yóò gba 2. Bí wọ́n bá ti to àwọn páálí náà lérí ara wọn, àtẹ olópòó ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ pàṣẹ pé páálí kan yóò dúró fún ọkọ̀ 10. Òpó dánfó yóò kúrú di 4, ti kẹ̀kẹ́ yóò di 2 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan ṣoṣo kò dín lójú títì.

Nítorí náà, kí ojú tó lọ sí àárín gíráàfù, kí ó kọ́kọ́ lọ sí àkọlé rẹ̀, sí ìlà ìbú tí ó wà ní ìsàlẹ̀, àti sí ìlà òòró tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí wọ́n wọ̀n àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Bí ohun tí à ń wọ̀n bá ń yí padà láti oṣù dé oṣù, a máa ń fi ìlà so iye kan mọ́ èkejì. Bí a bá ya òjò Èkó báyìí, ìlà náà yóò máa gòkè láti oṣù kẹta, yóò ga jù lọ ní oṣù kẹfà, yóò já wálẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò tún gòkè ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Àwórì àti apẹja etí ọ̀sà mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ láìfi ojú kan gíráàfù.

Ẹ̀tàn wà nínú àwòrán pẹ̀lú. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi ènìyàn 9,113,605 fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì fi 9,401,288 fún Ìpínlẹ̀ Kánò. Bí òpó méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó yà á bá bẹ̀rẹ̀ ìlà òòró láti mílíọ̀nù 9, òpó Kánò yóò ga ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Kò sí irọ́ nínú iye kankan. Inú àwòrán ni irọ́ wà. Ọmọ tí kò bá wo ìsàlẹ̀ òpó yóò bínú, tàbí kí ó yọ̀, lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

A sì gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ó kà á. Ní ọdún 2006 kan náà, àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 598,071 ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, nígbà tí ìṣirò ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ jẹ́ 941,523. Gíráàfù tí kò bá sọ èwo ni òun ń lò kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn jù lọ ni káàdì ọmọ ọwọ́, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó bá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lò, ó sì ṣe káàdì kan tí a ń fa ìlà sí nígbàkúùgbà tí a bá gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà ní ìbú, ìwọ̀n rẹ̀ wà ní òòró. Wọ́n ti tẹ ìlà méjì sórí rẹ̀ bí etí ọ̀nà méjèèjì, láti fi ọ̀nà ìlera hàn. Ìyá ọmọ ni ó ń mú káàdì náà lọ sí ilé, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Káàdì irú èyí tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde ní ọdún 2006, ara àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n láti fi ṣe é ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gánà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lórí káàdì náà ni ibi tí ìlà dorí kọ. Ọmọ kékeré lè wà nísàlẹ̀ díẹ̀ kí ara rẹ̀ sì le koko, bí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ sísanra lè wà lókè kí ewu sì ti dé, bí ìlà rẹ̀ bá ti tẹ́jú tàbí tí ó ń já wálẹ̀. Ìlà a máa tẹ́jú kí ojú ìyá tó rí i pé ọmọ ń rù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ èyí lè mú káàdì àbúrò rẹ̀ ní ọwọ́ ìyá wọn, kí ó sì fi ìka tọ ìlà náà láti oṣù kan dé èkejì. Bí ó bá rí i pé ìlà náà tẹ́jú tàbí pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó sọ fún ìyá náà kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó kàn.